Kí ni mítà iná mọ̀ nípa ilé rẹ?

Obìnrin kan dúró níwájú ìsọ̀ oníPOS ní Ìbàdàn, ó ń ka nọ́ńbà mítà jáde látinú bébà tó ti rún. Bí ọmọbìnrin inú ìsọ̀ ṣe tẹ nọ́ńbà náà tán, kó tó béèrè iye tí wọ́n fẹ́ rà, orúkọ ti yọ lójú fóònù, àdírẹ́sì sì wà lábẹ́ rẹ̀. “Mà, Alhaji Àlàní ni mo rí níbí, ojúlé 16. Ṣé àwọn ni?” “Àwọn ni, ọmọ mi. Bá mi ra ẹgbẹ̀rún márùn-ún.” Àwọn mẹ́ta tó tò sẹ́yìn ìyá yìí ti gbọ́ orúkọ, wọ́n ti mọ ojúlé, wọ́n sì ti mọ iye tí agbára ká lórí iná lọ́sẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan.

Lórí WhatsApp, ohun mìíràn làwọn èèyàn ń bẹ̀rù. Wọ́n ní mítà tuntun tí wọ́n ń gbé kiri àdúgbò ní kámẹ́rà nínú, pé ó ń gbọ́ ohun tí tọkọtaya ń bá ara wọn sọ, pé láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń mú un sáré kí yúníìtì lè tètè tán. Àwọn kan fèsì pé irọ́ gbáà ni, mítà ò mọ̀ ju iye iná lọ. Ìhà méjèèjì ló ṣì í. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, kò sí etí. Àmọ́ “iye iná” tí wọ́n ń fojú kéré yẹn, ẹnu rẹ̀ gbọ̀rọ̀.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ mítà sẹ́nu gbogbo ayé?

Nǹkan mẹ́ta ló já lu ara wọn. Owó ló ṣáájú. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná gbé owó yúníìtì kan kúrò ní náírà 68, ó di 225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 iná fún lójúmọ́. Ó wálẹ̀ sí 206.80 lóṣù karùn-ún, ó tún gòkè díẹ̀ sí 209.50 lóṣù keje. Ẹni tí kì í wo ojú mítà tẹ́lẹ̀ wá ń wò ó láàárọ̀, ó ń wò ó lálẹ́. Nígbà tí yúníìtì bá wọ́n, tó sì ń lọ bí omi, kí ni ìfura ò ní sí sí?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Wọ́n ní mítà tí a ò bá tẹ nọ́ńbà àkànṣe méjì sí kò ní gba káàdì mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ohun tí nọ́ńbà náà wà fún, àwọn tó sì mọ̀ kò ṣàlàyé rẹ̀ yé wọn. Ibẹ̀ làhesọ ti rí ilẹ̀ hù sí.

Ẹ̀kẹta ni mítà tuntun fúnra rẹ̀. Ní 2021, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 500 mílíọ̀nù dọ́là láti fi tún ètò ìpínná Nàìjíríà ṣe, mítà sì wà lára ohun tí owó náà wà fún. Ìjọba àpapọ̀ náà tún gbé ètò tirẹ̀ dìde lábẹ́ àsíá Ààrẹ. Púpọ̀ nínú mítà tí irú ètò báyìí ń kó wọlé yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀: ó lè bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni débẹ̀.

Kò sì sí bí a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí tí a ò ní rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ pípín iná fún ilé iṣẹ́ aládàáni mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní mítà nígbà náà, owó àfojúbù ni wọ́n ń gbé fún wọn lóṣooṣù, èyí táráàlú sọ lórúkọ ní “crazy bill”. Ilé tí kò rí iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè gba ìwé owó tó ga ju ti oṣù tó kọjá lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2020, NERC fi òté lé iye tí wọ́n lè fojú bù fún ẹni tí kò ní mítà. Ní oṣù kejì 2024, ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́kànlá náà san ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 10.5 náírà torí pé wọ́n kọjá òté ọ̀hún. Nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, àwọn oníbàárà tó ní mítà ò tíì tó ìdajì. Nítorí náà, bí àwọn kan ṣe ń sá fún mítà tuntun làwọn mìíràn ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e wá.

Ṣé gbogbo mítà ló ń ròyìn ilé fún ọ́fíìsì?

Rárá o. Ibí yìí gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti pọ̀ jù, torí pé orúkọ kan náà, mítà, là ń pe nǹkan mẹ́ta tí ìwà wọn ò jọra.

Àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́, èyí tó ní àwo pẹlẹbẹ kan tó ń yí lábẹ́ gíláàsì. Bí iná bá ṣe ń lọ tó ni àwo ṣe ń yára tó. Òṣìṣẹ́ Nẹ́pà á wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú bírò, á ka nọ́ńbà, á lọ. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni iye tí gbogbo ilé jẹ látìgbà tó ti wá kẹ́yìn. Kò mọ̀ bóyá òru lẹ jẹ ẹ́ ni àbí ọ̀sán. (Ìyẹn bó bá wá. Nígbà mìíràn abẹ́ igi ló ń jókòó sí kọ ọ́.)

Ìkejì ni mítà oníkáàdì, èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Àpótí rẹ̀ sábà máa ń wà lórí òpó níta, pátákó bọ́tìnnì kékeré tí a fi ń tẹ nọ́ńbà wà nínú ilé. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní síìmù, kò ní ọ̀nà kankan tí ọ̀rọ̀ fi lè jáde lára wọn. Ọ̀rọ̀ ń wọlé, kì í jáde. Mítà yẹn mọ iye iná tí ẹ ń jẹ dáadáa, ṣùgbọ́n àṣírí náà kò kúrò nínú àpótí. Ohun tí ilé iṣẹ́ iná mọ̀ ni ohun tí ẹ rà: ọjọ́ wo, iye wo, ibo lẹ ti rà á.

Ẹ má fojú kéré ìyẹn náà. Ẹni tó ń ra ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó wá dákẹ́ fún oṣù méjì, orúkọ rẹ̀ á yọ sí ọ̀tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bóyá ó rìnrìn àjò ni o, bóyá ó ra sólà, bóyá ó ti gba ẹ̀yìn mítà fa iná. Ilé iṣẹ́ ò lè mọ èyí tó jẹ́, ló fi máa ń rán àwọn èèyàn wá wo ojú wáyà. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà lọ́nà yìí máa ń rò pé aládùúgbò ló ṣòfófó. Rìsíìtì tiwọn fúnra wọn ló sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní “smart”. Ó ní síìmù bíi ti fóònù, tàbí rédíò kékeré tó fi ń bá ẹ̀rọ àárín àdúgbò sọ̀rọ̀. Ó máa ń kọ iye iná sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí ìdajì wákàtí, tàbí wákàtí kan, bí wọ́n bá ṣe tò ó, á sì fi ránṣẹ́. Ọ́fíìsì lè ti ibi tó wà gé iná, ó lè dá a padà, ó lè fi yúníìtì ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ tẹ nọ́ńbà kankan. Bí ẹnì kan bá ṣí ìdérí rẹ̀, ìròyìn ti dọ́dọ̀ wọn kó tó dé e padà. Ìlà tó wà láàárín mítà kejì àti ẹ̀kẹta nìyí: òye kọ́ ni wọ́n fi ju ara wọn lọ, ẹnu ni. Èkejì kì í rojọ́, ẹ̀kẹta ń rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ara wọn.

Nọ́ńbà ogún tí à ń tẹ̀ yẹn ńkọ́, kí ló wà nínú rẹ̀?

Káàdì iná kì í ṣe nọ́ńbà lásán bíi ti káàdì fóònù. South Africa ni wọ́n ti gbé ìlànà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní STS kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò ó báyìí. Nínú nọ́ńbà 20 náà ni wọ́n di iye yúníìtì sí, wọ́n di àkókò tí ẹ rà á mọ́ ọn, wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti mítà yín nìkan tì í pa. Ìdí nìyẹn tí káàdì aládùúgbò kò fi lè wọ mítà yín, tí tiyín kò sì ní wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Àkókò yẹn ni wọ́n ń fi ìṣẹ́jú kà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kò lè gba ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ, ìyẹn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló kún. Nọ́ńbà àkànṣe méjì tí wọ́n ní ká tẹ̀ wà láti yí kọ́kọ́rọ́ mítà padà kí ó lè bẹ̀rẹ̀ ìkà tuntun. Kò fi ohun kankan sínú ilé, kò sì lè mú mítà sáré. Yàtọ̀ sí pé àwọn mítà kan ti gbó débi pé wọn ò lè gba àyípadà náà mọ́, tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó máa san owó tuntun, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àṣírí rárá.

Kí lèèyàn lè rí kà nínú iye iná lásán?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan. Bàbá, ìyá, ọmọ méjì, ní Band A. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, ìlà iná náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ: fáànù méjì àti fíríìjì tó ń tàn, tó ń kú, tó ń tàn. Ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ó fò sókè: áyọ́ọ̀nù nìyẹn, ẹnì kan ń lọ aṣọ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì. Aago méje, ohun gbogbo lọ sílẹ̀. Ilé ti ṣófo. Aago méjì ọ̀sán, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù kan: àwọn ọmọ ti dé, kò jọ pé àgbà wà pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, ìlà náà yàtọ̀. Ní oṣù Ramadan, á fò sókè ní aago mẹ́rin ìdájí dípò márùn-ún. Bí àlejò bá dé láti ìlú òkèèrè, amúlétutù yàrá kejì á ṣí i payá.

Kò sẹ́ni tó wọ inú ilé náà, kò sì sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó ń wo àkọsílẹ̀ yẹn fún oṣù kan mọ ìgbà tí wọ́n ń jí, ìgbà tí ilé ń dá wà, ó lè méfò ẹ̀sìn wọn, ó sì lè fura nígbà tí bàbá bá pàdánù iṣẹ́, torí áyọ́ọ̀nù aago márùn-ún kò fò sókè mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ George Hart ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní bí òun ṣe ń tẹsẹ̀ wọ inú iná: ti fíríìjì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ omi, ti ẹ̀rọ omi yàtọ̀ sí ti ààrò. Láti ibi wáyà tó wọlé lójú kan ṣoṣo, èèyàn lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìfọwọ́ kan ìkankan. Ní 1989, Hart yìí kan náà kọ̀wé kìlọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lè di ọ̀nà tí wọ́n á fi máa ṣọ́ aráàlú.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń dẹ́rù bani kì í sọ, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá ṣe jìnnà síra tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń ṣú tó. Mítà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá lè mọ kẹ́tù yàtọ̀ sí áyọ́ọ̀nù. Èyí tó ń kọ ọ́ ní ìdajì wákàtí kò lè mọ ìyẹn dáadáa. Ohun tí yóò mọ̀ ni pé ẹ ti jí, ẹ ti jáde, ẹ ti sùn. Èyí tí wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò mọ ju iye owó yín lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó wúlò jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó wá gbé mítà kọ́ ni pé: ìṣẹ́jú mélòó sí ara wọn ló ń kọ̀wé, ibo ni ìwé náà sì ń lọ?

Ṣé wọ́n ti fi mítà mú ẹnikẹ́ni rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí.

Ní Oregon, àwọn agbófinró fura sí ọkùnrin kan pé ó ń gbin igbó sínú ilé lábẹ́ iná gbígbóná. Wọ́n wo ìwé owó iná rẹ̀, wọ́n sì dúró sójú títì fi ẹ̀rọ tó ń rí ooru wo ara ògiri rẹ̀. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní lílo ẹ̀rọ náà láìgba ìwé àṣẹ jẹ́ títú ilé onílé. Adájọ́ Antonin Scalia tó kọ ìdájọ́ náà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè sọ wákàtí tí ìyàwó ilé ń wẹ̀ lálaalẹ́ fún ẹni tó wà níta.

Ní Bentonville, ìpínlẹ̀ Arkansas, mítà omi ni. Wọ́n bá òkú ọkùnrin kan nínú agbada ìwẹ̀ gbígbóná lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 2015. Mítà omi “smart” ní wọ́n lo 140 gálọ́ọ̀nù láàárín aago kan sí aago mẹ́ta òru, agbẹjọ́rò ìjọba sì ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ jiyàn pé aago inú mítà náà kò tọ̀nà. Ní 2017, ìjọba fúnra rẹ̀ fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé: wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan èèyàn, aago mítà wá di ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè.

Ti Naperville ní Illinois ló sún mọ́ wa jù. Ìlú ló ni iná níbẹ̀, wọ́n sì fi mítà tó ń kọ̀wé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílé gbogbo èèyàn. Àwọn aráàlú pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹjọ 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní títú ilé onílé ni ìyẹn lóòótọ́, lójú ìwé òfin, ṣùgbọ́n pé ó bójú mu, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ iná nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe tí kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọ̀tún kò pàdánù tán, òsì kò jàre tán.

Ní ilẹ̀ Netherlands, òfin kò jẹ́ kó débẹ̀. Ìjọba fẹ́ sọ mítà “smart” di dandan, àwọn tó kọ̀ ní àwọn ò fẹ́ kí ẹlòmíì máa ṣọ́ ohun tó ń lọ nínú ilé àwọn. Ní 2009, ilé aṣòfin àgbà ní àwọn ò gbà, wọ́n sì yọ dandan kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?

Ní Britain, oníbàárà lè yàn bóyá kí wọ́n ka mítà òun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tàbí ní ìdajì wákàtí. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀tọ́ yìí, torí pé ẹni tó wá gbé e kọ́ kì í dúró sọ ọ́. Ohun tó dùn wọ́n jù níbẹ̀ kì í ṣe àṣírí, gígé ni. Mítà “smart” ṣeé yí padà láti ọ́fíìsì kó di àsansílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn fi hàn bí wọ́n ṣe ń fipá wọ ilé àwọn aláìlera láti gbé mítà àsansílẹ̀ kọ́, Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀, ní kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Peckham á ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ mítà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ìgbà òtútù.

Kí nìdí tí ilé iṣẹ́ iná fi fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀?

Owó ni, wọn ò sì fi bò. Iná tí wọ́n ń rà wọlé àti owó tí wọ́n ń rí gbà kì í dọ́gba, torí jíjí iná, torí àwọn tí kì í san owó, torí òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹgúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mítà tó ń sọ̀rọ̀ kò ní ẹni tó lè fún un lábẹ́lẹ̀. Bí tiransifọ́mà àdúgbò kan bá gbé ọgọ́rùn-ún yúníìtì jáde tí àròpọ̀ mítà ilé kò ju ọgọ́ta lọ, wọ́n mọ òpó tó yẹ kí wọ́n lọ wò. Wọ́n tún ní ó ń dín wíwọlé wọ̀de kù: kò sí òṣìṣẹ́ tó ń kanlẹ̀kùn láti ka nọ́ńbà mọ́, ìyẹn náà jẹ́ irú àṣírí kan tí wọ́n bò fún onílé.

Àwọn tó ń jà fún oníbàárà kò jiyàn lórí olè iná. Ohun tí wọ́n ń bi ni pé: kí ni olè iná kan ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ilé mi? Àròpọ̀ ojúmọ́ kan tó láti fi mú olè. Wọ́n tún ń bẹ̀rù gígé láti òkèèrè, pàápàá níbi tí gbèsè bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Àwọn kan tilẹ̀ ní mítà yẹ kó ṣiṣẹ́ fún oníbàárà náà: bó bá mọ ìṣẹ́jú tí ẹ jẹ iná, ó mọ wákàtí tí ẹ ò rí iná. Ẹni tó ń san owó wákàtí 20, tó sì ń rí 12, ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí yẹn. Kò sí èyí tí mo gbọ́ nínú gbogbo àríyànjiyàn náà tó mú mi ronú tó báyìí, torí pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni gbogbo wa gbájú mọ́, a gbàgbé pé ìwé kan náà lè jẹ́rìí fún wa.

Ṣé kò sí àṣírí kankan tí mítà dá padà fún wa?

Ó wà. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá rí mọ̀ ọ́n. Mítà kan, ìdílé mẹ́jọ. Lóṣù lóṣù, bàbá onílé tàbí ẹni tí wọ́n yàn á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù ara wọn: “Ìyá Bọ́sẹ̀ ní fíríìsà. Brọ̀dá Kúnlé, ẹ̀yin lẹ ní amúlétutù. Fáànù mélòó ló wà ní yàrá ẹ̀yin?” Ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n tuntun á gbé e wọlé lóru kí owó rẹ̀ má bàa lọ sókè. Ẹni tó ń lọ aṣọ lálẹ́, wọ́n á wo ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìjà tó ń ti ibẹ̀ jáde lè wọ aago méjì òru. Nígbà tí oníkálukú gba mítà tirẹ̀, tàbí tí wọ́n so mítà kékeré abẹ́lé mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, ojú aládùúgbò kúrò lórí áyọ́ọ̀nù ẹni. Ojú tó wà níbẹ̀ báyìí jìnnà, kò sì mọ orúkọ ọmọ yín, ṣùgbọ́n kì í sùn.

Òfin wo ló wà lẹ́yìn mi?

Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù àti tẹligíráàmù rẹ̀. Tẹligíráàmù wà níbẹ̀. Mítà kò sí. Òfin tó sún mọ́ ọn jù ni èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 2023, òfin ìdáàbòbò ìwífún ẹni, tó gbé àjọ NDPC kalẹ̀. (Ìwífún ni mo wí o, kì í ṣe détà tí à ń rà sórí fóònù.) Lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí ẹnì kan pamọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin gbà, kò gbọ́dọ̀ kó ju ohun tí iṣẹ́ ọ̀hún nílò lọ, kò sì gbọ́dọ̀ fi pamọ́ kọjá ìgbà tó yẹ. Oníbàárà lè béèrè ohun tí wọ́n ní nípa òun, ó lè ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Bí ìwífún bá jò lọ́nà tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi sọ fún àjọ náà. Ìtanràn ilé iṣẹ́ ńlá lè dé mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù.

Nípa iná gan-an, òfin iná mọ̀nàmọ́ná ti 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ NERC ní 2024, Èkó náà sì tẹ̀ lé wọn. Ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó ní ẹ̀hónú ní irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé àjọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló kàn án báyìí bó bá jẹ́ owó tàbí gígé iná, àmọ́ bó bá jẹ́ ti àṣírí, NDPC ni, níbikíbi tó bá wà.

Kí ni mo lè ṣe látòní?

Kò pọ̀. Ẹ má fi fọ́tò rìsíìtì iná sórí WhatsApp láìfi nǹkan bo nọ́ńbà mítà, torí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà náà bí ẹni fẹ́ ra káàdì lè rí orúkọ, ó sì lè rí àdírẹ́sì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wá gbé mítà kọ́ bóyá ó ní síìmù. Bí ẹ bá kó wọ ilé tuntun, ẹ béèrè bóyá gbèsè wà lórí mítà kí ẹ tó tẹ káàdì àkọ́kọ́, torí wọ́n lè ṣètò rẹ̀ kó máa gé gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó tí ẹ bá rà, láìka ẹni tó jẹ ẹ́ sí.

Ta ló ni ìwé náà bí ẹni tó ń gbé ilé bá yí padà?

Mítà kì í mọ̀ pé èèyàn ti kó lọ. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, àkọsílẹ̀ iná gbogbo ayálégbé tó ti gbé ibẹ̀ sì to lé ara wọn lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn: bí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ṣe ń jí, bí ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí ṣe ń sùn. Ayálégbé tó bá kọ̀wé béèrè ìwífún rẹ̀ lábẹ́ òfin 2023 lè bá a pàdé pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Ìyá tó wà níwájú ìsọ̀ oníPOS gba rìsíìtì rẹ̀, ó ká a wọ inú bébà tó rún. Ayálégbé ni, yàrá méjì ló gbà. Alhaji Àlàní, bàbá onílé, ti kú ṣáájú kó tó kó débẹ̀. Lójú ìwé, àwọn ni wọ́n ṣì ń tan iná ní ojúlé 16, tí wọ́n ń lọ aṣọ ní aago márùn-ún ìdájí.